Síléńdà ní gáàsì, gírììlì kò gbóná: àkọsílẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta

Bí iṣẹ́ yìí ṣe ń lọ ni mo ń kọ ọ́ sílẹ̀, láti Sátidé dé Mọ́ńdè. Ìdí tí mo fi kọ ọ́ ni pé díẹ̀ ló kù kí n ju rẹ́gúlétọ̀ (ohun tó ń dín agbára gáàsì kù kó tó dé ojú iná) tí kò ṣẹ̀ dànù, díẹ̀ ló sì kù kí èmi àti àbúrò mi fọwọ́ ara wa ba ohun tó ń dáàbò bò wá jẹ́.

Gírììlì náà, ìyẹn ààrò onígáàsì tí a fi ń yan nǹkan, jẹ́ olójú mẹ́ta, mo sì ti ń lò ó bọ̀ láti ọdún mẹ́fà. Ojú iná kékeré kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lápá ọ̀tún, tó ní ìdérí tirẹ̀. Gáàsì propane ló ń lò, síléńdà 20 pọ́n-ùn, ìyẹn bíi kìlò mẹ́sàn-án, irú èyí tó wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Nọ́ọ̀tì oníke ńlá kan ló wà lẹ́nu họ́ọ̀sì rẹ̀. Ọwọ́ lásán la fi ń dè é, a kì í fi sípánà kàn án.

Sátidé, àárọ̀

Síléńdà tí mò ń lò tẹ́lẹ̀ ti tán ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Iná kú mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín iṣẹ́ ni, mo bá yí gbogbo nọ́ọ̀bù padà sí ibi tí wọ́n ti ń pa á, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òní ni mo gbé òmíràn wá. Mo dè é, mo ṣí i, mo tan iná. Iná gbà, àmọ́ ó ń ṣe wẹẹrẹ bíi ti fìtílà tí epo rẹ̀ fẹ́ẹ́ tán. Mo dé e pa fún ogún ìṣẹ́jú. Ọwọ́ aago ìgbóná tó wà lójú ìdérí kò kọjá 120°C, bẹ́ẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tó fi máa ń dé 260°C. Mo yí nọ́ọ̀bù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé òpin, kò sí ìyàtọ̀ kankan.

Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé síléńdà òfìfo ni wọ́n gbé fún mi. Kí n tó fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, mo wọ̀n ọ́n. Lára irin tó yí ọrùn síléńdà ká, ẹ ó rí lẹ́tà TW tí wọ́n lù mọ́ ọn, pẹ̀lú nọ́ńbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun ni ìwọ̀n síléńdà náà nígbà tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Tèmi jẹ́ 17.0, ní pọ́n-ùn, bíi kìlò 7.7. Mo gun òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn ara mi, mo kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, mo tún gbé síléńdà dání gùn ún. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ kìlò 14.3. Ẹ yọ 7.7 kúrò níbẹ̀: kìlò 6.6 gáàsì ló wà nínú rẹ̀.

Mo tún fi omi gbígbóná dán an wò, nítorí pé mo fẹ́ràn kí ọwọ́ mi fúnra rẹ̀ jẹ́rìí. Mo rọra da ife omi gbígbóná kan sí i lára láti òkè wálẹ̀, mo sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ lé e. Òkè gbóná. Mo ń bọ̀ nísàlẹ̀, nígbà tí mo sì fẹ́ẹ́ dé àárín, tútù bọ́ sí mi lọ́wọ́ lójijì, bí ìgbà tí èèyàn kan odi ìkòkò amu. Ibẹ̀ ni ojú propane tó wà bí omi dúró sí. Èyí tó wà bí omi ló ń fa ooru mọ́ra. Ibi tí kò bá sí i, irin nìkan ló wà níbẹ̀, òun ló sì ń gbóná.

Nítorí náà, gáàsì wà. Kò kàn dé ojú iná ni.

Sátidé, ọ̀sán

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa rẹ̀ láti ẹnu síléńdà wá. Ohun kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀: bí ẹ tilẹ̀ ṣí fáàfù síléńdà irú èyí sílẹ̀ pátápátá láìso họ́ọ̀sì mọ́ ọn, gáàsì kì í jáde. Ilẹ̀kùn kékeré kan wà lẹ́nu rẹ̀ tí sípíríǹgì tì pa, imú rẹ́gúlétọ̀ ló sì gbọ́dọ̀ wọlé lọ tì í sẹ́yìn kó tó ṣí. Bí nọ́ọ̀tì kò bá wọlé dé òpin, bó ku yíyí kan péré, imú yẹn kò ní kan ilẹ̀kùn. Mo tú nọ́ọ̀tì náà, mo wo rọ́bà róbótó tó wà lẹ́nu síléńdà. Kò ya, kò sì gbẹ. Mo wo nọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀ bóyá ooru ti yọ́ ọ rí, nítorí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi ike tó ń yọ́ ṣe é ni, kó lè jẹ́ kí imú rẹ́gúlétọ̀ sún sẹ́yìn, kí ilẹ̀kùn síléńdà sì tì bí iná bá ràn síbẹ̀. Ó le koko. Mo dè é padà dé ibi tí kò ti lọ mọ́.

Ohun kejì wà nínú imú rẹ́gúlétọ̀ náà. Ẹ̀ṣọ́ ni mo máa ń pè é, orúkọ yẹn ni n ó sì máa lò títí dé ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣọ́ bí gáàsì ṣe ń sáré kọjá. Bí họ́ọ̀sì bá já lójijì, tí gáàsì sì fẹ́ máa tú jáde gbuu, ẹ̀ṣọ́ á ti ọ̀nà pa, á wá fi ihò tóóró kan sílẹ̀. Ìwọ̀nba tó ń gba ihò yẹn kọjá kò lè yan ohunkóhun. Àmì ibi tí ẹ̀ṣọ́ bá ti tì nìyẹn: iná á gbà, àmọ́ á máa ṣe wẹẹrẹ, ìgbóná á sì dúró sí nǹkan bí 120 sí 150°C, ì báà jẹ́ pé ẹ yí gbogbo nọ́ọ̀bù dé òpin. Ohun tí mò ń rí gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀ṣọ́ yìí kò lójú. Kò lè mọ̀ bóyá họ́ọ̀sì ló já ni, àbí ẹnì kan ló ṣí síléńdà lójijì, tàbí ẹnì kan ló gbàgbé nọ́ọ̀bù kan sí ìta. Ìsáré gáàsì nìkan ló ń wò. Ó máa ń dúró títí agbára gáàsì tó wà níwájú rẹ̀ yóò fi bá tẹ̀yìn rẹ̀ dọ́gba kó tó ṣílẹ̀kùn padà.

Bí wọ́n ṣe ń tú u nìyí. Mo pa gbogbo nọ́ọ̀bù, mo pa síléńdà, mo tú nọ́ọ̀tì, mo ṣí nọ́ọ̀bù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ìṣẹ́jú kan kí ìwọ̀nba gáàsì tó kù nínú họ́ọ̀sì lè jáde, mo tún pa wọ́n. Mo dúró ìṣẹ́jú méjì, mo dè é padà, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí síléńdà. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi: ìdá kan nínú mẹ́rin yíyí kan, mo dúró, mo tún fi díẹ̀ kún un. Mo ka ení, èjì, dé ẹẹ́wàá, kí gáàsì lè kún họ́ọ̀sì, mo tó tan iná.

Wẹẹrẹ. Mo tún un ṣe. Wẹẹrẹ. Ẹ̀ẹ̀kẹta, mo ṣí i pẹ̀lú sùúrù débi pé ọrùn ọwọ́ ń dùn mí. Wẹẹrẹ náà ni.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi lálẹ́ ọjọ́ náà pé: “Òórùn gáàsì díẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Nítorí títú nọ́ọ̀tì ni.” Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn.

Sọ́ńdè

Àbúrò mi dé lẹ́yìn aago méjì, ó gbé síléńdà tirẹ̀ wá nítorí mo ti pè é. A so ó. Wẹẹrẹ. A wá gbé tèmi lọ so mọ́ gírììlì tirẹ̀, ó jó lala. Bí síléńdà ṣe bọ́ nínú ẹ̀sùn nìyẹn, inú mi sì dùn pé n kò lọ bá ẹni tó tà á fún mi jà.

Ó jókòó ti rẹ́gúlétọ̀, ó ń yí imú rẹ̀ wò. “Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “ṣebí nǹkan inú ibí ló ń dí i? Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ kúrò jàre, kí gáàsì máa wá fàlàlà.”

Mo ní rárá. Ó ní òun ti rí ẹni tó ṣe é, kò sì sí nǹkan kan tó ṣe é. Mo ní ó lè máà tíì ṣe é ni. Propane tó wà nínú síléńdà yẹn máa ń hó ní −42°C. Nínú ọjọ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ bíi tòní, ṣe ló ń wá gbogbo ọ̀nà láti jáde. Ní 21°C, agbára tó fi ń ti ara irin ju 100 psi lọ, ìyẹn pọ́n-ùn 100 lórí ínǹṣì onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Rẹ́gúlétọ̀ ló ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí yóò fi kù bíi 0.4 psi kó tó dé ojú iná. Bí họ́ọ̀sì bá já lọ́jọ́ kan tí kò sí ẹ̀ṣọ́ níbẹ̀, ta ni yóò sún mọ́ iná lọ pa síléńdà? Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá ibòmíràn.”

A wo ihò kékeré tó wà lójú rẹ́gúlétọ̀, ibi tó ti ń mí. Rọ́bà fẹlẹfẹlẹ kan wà nínú rẹ̀ tó ń lọ sókè sódò, ihò yẹn ló sì ń jẹ́ kó ráyè mira. Bí agbọ́n bá fi amọ̀ dí i, rẹ́gúlétọ̀ kò ní ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ó mọ́. A fi ọwọ́ tọ họ́ọ̀sì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò ká, kò tẹ̀, kò sán.

Ó kan ọṣẹ. Mo po ọṣẹ olómi mọ́ omi, ìdajì sí ìdajì, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé kékeré kan kùn ún. Àbúrò mi ń ṣí síléńdà, èmi ń wo. Mo kun nọ́ọ̀tì, mo kun ìdí rẹ́gúlétọ̀ níbi tí họ́ọ̀sì ti wọ inú rẹ̀, mo kun ìpàdé họ́ọ̀sì àti páìpù tó lọ sábẹ́ nọ́ọ̀bù. Ibi tí gáàsì bá ti ń jò, ọṣẹ á hó níbẹ̀, ìfófòó á máa wú. Kò sí ibi tó hó. Ẹni tó bá ń fi ìṣáná wá ibi tí gáàsì ń jò, kó jọ̀ọ́ kó jáwọ́ lónìí. Ọṣẹ kò wọ́n.

Nígbà tí a ti dé ibi tí a dé yìí, a tú ojú iná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde. Páìpù ojú àárín ní jàǹkárìwọ̀ tó dí ẹnu rẹ̀ bíi òwú. Aláǹtakùn fẹ́ràn ẹnu páìpù wọ̀nyí púpọ̀, ewu rẹ̀ sì ju kí iná rọ̀ lọ: afẹ́fẹ́ kò ní rí ọ̀nà wọlé pò mọ́ gáàsì, iná á pupa, ó sì lè ta padà wá máa jó lábẹ́ nọ́ọ̀bù. A fi búrọ́ọ̀ṣì onírin tín-ínrín fọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a tò wọ́n padà. Iná ojú àárín di búlúù, ó lẹ́wà. Àmọ́ kékeré náà ni. Iṣẹ́ tó yẹ ká ṣe ni, kì í ṣe òun la wá.

Ó wá ku rẹ́gúlétọ̀ nìkan. A gbà pé ẹ̀ṣọ́ inú rẹ̀ ti bàjẹ́, pé ó ti tì pa láìlè ṣí mọ́, èyí tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí wọn lóòótọ́. Mo ní bí ilẹ̀ bá mọ́ n ó lọ ra tuntun, rẹ́gúlétọ̀ àti họ́ọ̀sì rẹ̀ pọ̀.

Mọ́ńdè, òwúrọ̀

Oorun kò kùn mí dáadáa. Òórùn yẹn ló ń dà mí láàmú. Propane fúnra rẹ̀ kò ní òórùn. Ethyl mercaptan ni wọ́n máa ń fi sí i kí imú lè tètè gbọ́, ìwọ̀nba bíńtín nínú rẹ̀ sì tó. Gáàsì tó kù lẹ́nu nọ́ọ̀tì nígbà tí a bá tú u kì í pẹ́ tó fi ń fẹ́ lọ. Èyí tí mo ń gbọ́ lánàá ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí a ń fi ọṣẹ kun nǹkan, nígbà tí nọ́ọ̀tì ti wà ní dídè fún ìdajì wákàtí.

Mo jáde kí ariwo tó bẹ̀rẹ̀ ládùúgbò. Mo ṣí ìdérí ńlá, mo ṣí ìdérí ojú iná ẹ̀gbẹ́ náà, èyí tí n kò tíì fọwọ́ kàn látìgbà tí síléńdà àtijọ́ ti tán. Nọ́ọ̀bù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló dojú kọ ibi tí wọ́n ti ń pa á. Mo rọra ṣí síléńdà díẹ̀, mo dúró jẹ́ẹ́.

Ṣìììì.

Ó rẹlẹ̀ gan-an, bí ẹni ń fi eyín fẹ́ atẹ́gùn. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ọṣẹ kan ojú iná ẹ̀gbẹ́, ìfófòó sì wú jáde lójú ihò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tò yípo bí ìlẹ̀kẹ̀. Mo pa síléńdà lẹ́sẹ̀ kan náà. Gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, bí ìlọ́po kan àbọ̀, ìsàlẹ̀ ló máa ń wọ́ lọ. Mo fi gbogbo ìdérí sílẹ̀ ní ṣíṣí, mo kúrò níbẹ̀ fún ìdajì wákàtí.

Nígbà tí mo padà, mo fa nọ́ọ̀bù ojú iná ẹ̀gbẹ́ náà yọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ní ihò tí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ tẹ́jú, kó lè di ọ̀pá irin mú, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ kan ọ̀pá náà tẹ́jú bákan náà. Ike tó wà láyìíká ihò yẹn ti sán, ìlà kan tín-ínrín bí irun orí, ibi tó tẹ́jú sì ti jẹ di róbótó. Mo tì í padà sórí ọ̀pá, mo yí i: nọ́ọ̀bù ń yí, ọ̀pá kò mira. Mo wá fa mẹ́ta yòókù yọ láti fi wé e. Ọ̀pá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ojú títẹ́jú wọn kọjú sókè. Ti ẹ̀gbẹ́ kọjú sósì.

Ó ti wà ní ṣíṣí láti ọ̀sẹ̀ méjì.

Mo jókòó, mo ro ó láti ẹ̀yìn wá. Lọ́jọ́ tí síléńdà àtijọ́ tán, ojú iná ẹ̀gbẹ́ wà lára èyí tí mò ń lò. Iná kú nítorí gáàsì tán, mo sì yí nọ́ọ̀bù padà lẹ́yìn tó ti kú. Ká ní iná ṣì ń jó ni, ǹ bá rí i pé kò kú nígbà tí mo pa á, ǹ bá sì ti mọ̀ pé nọ́ọ̀bù ti bàjẹ́. Kò sí iná tí yóò sọ fún mi. Látìgbà náà, gbogbo bí mo ṣe ń ṣí síléńdà tuntun, gáàsì ń wá ọ̀nà gba ibẹ̀ jáde, agbára tó wà nínú họ́ọ̀sì kò ráyè kún, ẹ̀ṣọ́ kò sì ráyè ṣílẹ̀kùn. Mo tú u lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ Sátidé, ó tì lẹ́ẹ̀mẹta. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ẹ̀ṣọ́ náà kò ṣàìsàn rárá. Pé gáàsì ń jò ló ń sọ fún mi ní gbogbo ìgbà yẹn, èmi ni mo rò pé ó ti bàjẹ́. Nígbà tí mo sì rántí pé a tan iná sí ojú mẹ́ta yòókù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ méjì, ara mi bù máṣọ. Ká ní a yọ ẹ̀ṣọ́ yẹn kúrò bí a ṣe fẹ́ ṣe, gáàsì tó pọ̀ ni ì bá máa tú jáde lábẹ́ ìdérí yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná tó ń jó.

Mo fi aṣọ wé ẹnu pùláyà kó má bàa họ irin, mo tẹ ọ̀pá náà wọlé díẹ̀, mo yí i. Ó lọ wẹ́rẹ́, ó dé òpin, ó sì ta jáde pẹ̀lú ìró kékeré kan. Ojú títẹ́jú rẹ̀ kọjú sókè bíi ti àwọn yòókù. Mo tún ṣí síléńdà, mo fi ọṣẹ kun ojú iná ẹ̀gbẹ́. Kò hó.

Mo tú ẹ̀ṣọ́ bí mo ṣe tú u lọ́jọ́ Sátidé, láìfi ohunkóhun kún un. Mo ṣí síléńdà ní ẹ̀sọ̀, mo ka dé ẹẹ́wàá, mo tan ojú àkọ́kọ́. Iná ta sókè ní búlúù pẹ̀lú ìró tó yẹ kó máa ní. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, 260°C.

Mọ́ńdè, ìrọ̀lẹ́

Nọ́ọ̀bù méjì ni mo rà, nítorí pé ti ojú apá òsì náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sán nígbà tí mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìmọ́lẹ̀. Mo fi ọ̀dà funfun sàmì sí orí ọ̀pá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, sí apá títẹ́jú, kí n lè máa fa nọ́ọ̀bù yọ kí n sì rí i ní wàràwàrà nígbàkígbà tí mo bá ń pàrọ̀ síléńdà. Bí síléńdà bá tún kú mọ́ mi lọ́wọ́, ibẹ̀ ni n ó kọ́kọ́ wò.

Mo ṣí i, mo pa á lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó gbà ní gbogbo rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹfà, mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣí síléńdà lójijì, mo sì tan iná láìdúró. Wẹẹrẹ. Ẹ̀ṣọ́ tì, bó ṣe yẹ kó tì. Mo tú u, ó ṣí, iná padà sípò.

Àbúrò mi dé nígbà tí ilẹ̀ ti ń ṣú. Mo fi nọ́ọ̀bù àtijọ́ lé e lọ́wọ́. Ó yí i dojú dé, ó fi èékánná tọ ìlà tó sán náà, ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ibí yìí ló ń jò látọjọ́ yìí, tí mo sì ní ká yọ ohun tó ń dí i?” Mo ní ibẹ̀ ni. Ó fi í sápò, ó ní òun fẹ́ lọ fa gbogbo ti òun yọ wò.

Iṣẹ́ tó kù: ìtannáràn ojú àárín kì í ta dáadáa, ó ń gbà tó ẹ̀ẹ̀mẹ́rin kó tó tan. Sátidé tó ń bọ̀ ni n ó tú u.